"Sí": Ọ̀rọ̀ Kékeré Tó Ń Rin Ayé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àtàwọn ọ̀dọ́ wa sọ lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi gẹ́lẹ́, gbogbo ibi tí mo ti yà bàrá wà níbẹ̀.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí, kò ju lẹ́tà méjì lọ, s àti i.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, mo wà níbi iṣẹ́ níbí nílùú Lọ́ńdọ̀nù, fóònù mi dún, mo wò ó, àbúrò mi obìnrin ló fi tẹ́sítì ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ohun tó kọ ò ju "Baba o si" lọ. Kò fàmì sí i, kò kọ nǹkan kan tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, ẹ mọ ohun tírú ẹ̀ máa ń fi àyà èèyàn ṣe. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo jáde síta mo pè é, kò wọlé, mo tún un pè, kò wọlé, ó tó wákàtí kan kí n tó rí i bá sọ̀rọ̀, n tó sì kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi ni "Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?" Ọmọ náà ní "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó ní ṣebí èmi náà ni mo bi òun láàárọ̀ bóyá Bàbá wà nílé kí n lè pè wọ́n, òun ló ń dá mi lóhùn, Bàbá ò sí, wọ́n ti lọ sípàdé ẹgbẹ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bàbá ò sí nílé. Bàbá ò sí mọ́. Àkọ́kọ́, wọ́n á padà wá jẹun alẹ́. Ìkejì, ká lọ wá aṣọ òfì àti pósí, ká wá owó ọkọ̀ òfuurufú. "Sí" kan náà ló sì wà nínú méjèèjì, ohùn kan náà, lẹ́tà kan náà, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń lé ọ̀rọ̀ yìí kiri, mò ń wo ohun tó jẹ́ lẹ́nu wa, mò ń wo ohun tó jẹ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíì, kò sì tíì sú mi.

Tiwa ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò torí ọ̀pọ̀ wa ń lò ó láti kékeré láì wo ojú ẹ̀ rí. "Sí" kan wà tó ń júwe ibi tí nǹkan forí lé: mò ń lọ sí ọjà, ó kọ lẹ́tà sí mi, ìfẹ́ tí mo ní sí yín. A kì í sábà pe èyí délẹ̀ tá a bá ń sọ̀rọ̀, fáwẹ́lì ẹ̀ la máa ń gbé mì, sí ọjà á di sọ́jà, sí inú á di sínú, sí ilẹ̀ á di sílẹ̀, àmọ́ ohùn òkè tó wà lórí ẹ̀ kì í kú, ó máa ń fò mọ́ fáwẹ́lì tó gbapò ẹ̀ ni. Ọjà ò lóhùn òkè níbẹ̀rẹ̀, sọ́jà ní in. Ara "sí" ti lọ, ohùn ẹ̀ ṣẹ́kù. Mo fẹ́ràn èyí gan-an ni.

Ìkejì ni "sí" tó ń bá "kò" rìn. A máa ń ní owó wà, ilé wà, ẹ̀mí wà, àmọ́ tó bá ti di pé a fẹ́ sọ pé nǹkan ò délẹ̀, "wà" á kúrò lójú ọ̀nà fún "sí": kò sí owó, kò sí ilé, kò sí wàhálà. Ẹ ò lè gbọ́ kí ọmọ Yorùbá kan dìde kó ní "owó sí", kò lè jáde lẹ́nu, àfi kí "kò" wà níwájú kó fà á lọ́wọ́. Orúkọ ọba kan l'Ékòó wà tí gbogbo wa mọ̀, Ọba Kòsọ́kọ́, tó jọba láti 1845 sí 1851. Kò sí ọkọ́ ni orúkọ yẹn, orúkọ àbíkú ni, ìyẹn ni pé kò sí ọkọ́ tá a máa fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́ o, tó o bá kú kò sẹ́ni tó máa sin ẹ́, nítorí náà jókòó. Àwọn òbí fi "kò sí" bẹ ọmọ wọn kó dúró sáyé. Ẹ tún wo bó ṣe ṣe: í inú "sí" ti wọlé, s àti ohùn òkè ẹ̀ ló kù níbẹ̀, síbẹ̀ orúkọ náà ò ní nítumọ̀ tí ò bá sí s yẹn.

Ìkẹta, sì. Ó dọ́jà, ó sì ra ata. Ohùn ìsàlẹ̀ lèyí, olùwà ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń túmọ̀ nǹkan láti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ yé fi í bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, "Sì Bọ́lá lọ", kò bójú mu. Bọ́lá sì lọ.

Bẹ́ ẹ bá wá fi àmì sábẹ́ s, ó di ṣí, ṣí ilẹ̀kùn, ṣí fìlà, ṣí kúrò ládùúgbò. Ká wá ní ẹnìkan tẹ "banki o si" sórí fóònù. Ṣé báǹkì ò sí ládùúgbò yẹn ni àbí báǹkì ò ṣí lónìí? Ọ̀kan ní kó o wọ mọ́tò lọ sílùú míì, ìkejì ní kó o padà wá lọ́la. Àwọn àgbà wa n'Ìbàdàn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé s lásán ni wọ́n máa ń lò níbi tí ìwé fi ṣ sí, wọ́n á ní "sé o ti jẹun", wọ́n á ní "isẹ́", ẹ̀ka èdè tiwọn ni, kò sóhun tó ṣe é, etí ń gbọ́ ọ torí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà níwájú ẹni. Fóònù ni ò lójú tá a lè wò. Nígbà tí Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde nílùú Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ní 1843, wàhálà tó bá pàdé náà nìyí, bí lẹ́tà àwọn Òyìnbó ṣe máa gbé ohùn tí wọn ò ní.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jáde nílé.

Ẹni tó bá ti wo bọ́ọ̀lù Sípéènì rí mọ̀ pé "sí" lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ ni ló jẹ́. Ibi tó ti wá ló mú mi jókòó. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ tó ń sọ Látìnì ò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó tó dúró fún bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé ṣé o rí i, wọ́n á dá ọ̀rọ̀ náà padà fún yín, mo rí i, tàbí kí wọ́n ní "sic", tí ìtumọ̀ ẹ̀ jẹ́ báyìí, bẹ́ẹ̀. "Sic" yìí ló wá ń jẹ́ sí ní Sípéènì, sì ní Ítálì, sim lẹ́nu àwọn ará Pọtogí àti Bùràsíìlì. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí làwa ń sọ? Bẹ́ẹ̀ ni! "Bẹ́ẹ̀" tiwa, "sic" tiwọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹnìkejì, òkun àti aṣálẹ̀ wà láàárín, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi gbà pé nǹkan jẹ́ òótọ́, wọ́n ní bó ṣe rí nìyẹn, àwa náà ní bó ṣe rí nìyẹn. Bí mo ṣe ń rò ó, inú mi ń dùn.

Sípáníìṣì ní "si" míì tí ò lámì lórí, ìyẹn túmọ̀ sí "tí... bá". Si vienes, tó o bá wá. Sí, bẹ́ẹ̀ ni. Àmì kékeré yẹn kì í ṣe àmì ohùn bíi tiwa o, wọ́n kàn fi ń ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ lójú ìwé ni, ẹni tó bá sì kọ ọ́ láìfàmì sí i ti sọ "bóyá" níbi tó yẹ kó ti sọ pé "mo gbà". Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn níléèwé, àwọn ọmọ náà sì ń kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn pé àmì ti pọ̀ jù.

Faransé ní "si" tiwọn tó tún gba ọ̀nà míì. Òun náà ni "tí... bá", àmọ́ ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú, àfi pé ìbéèrè tó bá gbé "kò" dání nìkan ni wọ́n fi í dáhùn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé o ń bọ̀, oui lo máa sọ. Bí wọ́n bá ní o ò ní wá ni, tó o sì fẹ́ lọ, si! lo máa sọ, ó já wọn ní koro. Àwọn ará wa ní Kétu, ní Pobẹ̀, ní Sakété, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níléèwé, nítorí náà wọ́n mọ "si" yìí dáadáa, wọ́n á sọ ọ́ níléèwé, wọ́n á délé wọ́n á ní "Ìyá ò sí", ó sì yé wọn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí torí ó ti kó ọ̀pọ̀ wa sí wàhálà. Tí Yorùbá bá bi ọ́ pé "O ò tíì jẹun ni?" tí ebi sì ń pa ọ́, kí lo máa sọ? "Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tíì jẹun." Ohun tó o gbà ni ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ, o gbà pé òótọ́ ló sọ. Òyìnbó ò rò ó bẹ́ẹ̀, ohun tóun ń dáhùn ni bóyá oúnjẹ wọ inú ẹ àbí kò wọ̀ ọ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n bi mí ní ọ́fíìsì kan pé "You don't have any other documents?", mo ní "Yes", èrò tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní òmíràn, obìnrin náà wá na ọwọ́, ó ń retí ìwé, èmi náà ń wò ó, ó ń wò mí, a pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó tó yé àwa méjèèjì. Faransé ti rí ihò yìí, ó fi "si" dí i. Àwọn Jámánì náà rí i, wọ́n fi "doch" dí i. Kì í ṣe pé èdè tiwa gùn tàbí kúrú o, ìbéèrè yẹn gan-an ló ní ẹnu ọ̀nà méjì, oníkálùkù sì gba èyí tó wù ú wọlé.

Ó lé ní 700 ọdún sẹ́yìn, akéwì Ítálì kan tó ń jẹ́ Dante fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pín èdè àwọn ará gúúsù Yúróòpù. Àwọn kan ń sọ "oc", àwọn kan ń sọ "oïl", ìyẹn tó di "oui" Faransé òde òní, àwọn kan ń sọ "sì". Ó pe Ítálì ní ilẹ̀ tó rẹwà níbi tí "sì" ti ń dún. Ilẹ̀ àwọn tó ń sọ "oc" yẹn ṣì ń jẹ́ Languedoc di òní, èdè "oc", ní gúúsù Faransé. Ẹ má wulẹ̀ ní ó yà yín lẹ́nu, torí àwa náà ní i. Àwọn Yàgbà, Ìjùmú, Búnú, Ọ̀wọ́rọ̀ àtàwọn ará Kábà ní ìpínlẹ̀ Kogí, kí la ń pè wọ́n lápapọ̀? Òkun. Ibo lorúkọ náà ti wá? Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ni, "Òkun o". Ẹ̀gbọ́n kan tó wá láti Ìṣánlú jókòó níwájú, wọ́n dìde wọ́n kí gbogbo ilé, ilé dáhùn, a pàtẹ́wọ́.

Ní ìlà oòrùn Áfíríkà, gbogbo ẹ̀ yí padà. Lédè Swahili, "si" ni kì í ṣe. Mimi si mwalimu, èmi kì í ṣe olùkọ́. Tí wọ́n bá tún so "si" mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, ó di mi ò: sijui, mi ò mọ̀. Ará Sípéènì tó bá dé Mombasa tó ń gbọ́ "si, si" kiri lè rò pé gbogbo èèyàn ló ń gbà fóun, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń kọ̀ fún un ni.

Ti Íbò ló pa mí lẹ́rìn-ín jù torí aládùúgbò wa ni wọ́n. Àwa, sí wa ń lọ, mò ń lọ sí Èkó. Tiwọn ń bọ̀. "Ebee ka i si?" Ibo lo ti wá? Lẹ́nu wa ibi tó ò ń lọ ni, lẹ́nu wọn ibi tó o ti ń bọ̀ ni, bíi pé ojú ọ̀nà kan náà ni, tá a wá dúró sí ìpẹ̀kun ẹ̀ méjèèjì. Wọ́n sì tún ní "si" tó jẹ́ kéèyàn se oúnjẹ, wọ́n ní "sị" tó lámì lábẹ́ i, ìyẹn ni kéèyàn ní, kéèyàn wí. Àwọn náà ní àmì tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Ní Philippines, lédè Tagalog, "si" ò nítumọ̀ tẹ́ ẹ lè mú dání, iṣẹ́ ló ń ṣe. Orúkọ èèyàn ló máa ń ṣáájú, "si Maria", "si Pedro". Ilé kì í gba "si", ajá lásán kì í gbà á, "ang" ni wọ́n fún nǹkan. Ó dà bíi kí èdè kan pinnu pé ẹni tó bá ní orúkọ gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tó ń kéde ẹ̀ wọlé. Ó sì wù mí kẹ́ ẹ rántí pé Sípéènì ṣàkóso wọn fún ohun tó lé ní 300 ọdún, wọ́n gbọ́ "sí" lẹ́nu àwọn Sípéènì títí, ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì kún inú Tagalog fọ́fọ́, síbẹ̀ "oo" ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni títí dòní, tó bá sì jẹ́ àgbà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, "opo". Àwọn náà ní ẹ àti o tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá gbòòrò ni Ṣáínà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń ní àmì ohùn Yorùbá le, ẹ gbọ́ o. Cantonese ni wọ́n ń sọ ní Hong Kong. "Si" kan náà, pẹ̀lú ohùn tó ga: ewì. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ láàárín tó gòkè: ìtàn ìgbà àtijọ́. Ohùn àárín: kéèyàn dán nǹkan wò. Bó bá wálẹ̀ pátá: àkókò. Bó bá ti ìsàlẹ̀ gòkè díẹ̀: ọjà. Bó bá dúró nísàlẹ̀: ọ̀ràn, nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kà á, mẹ́fà! Ewì, ìtàn, ìdánwò, àkókò, ọjà, ọ̀ràn, gbogbo ayé èèyàn ni wọ́n kó sínú si. Ọmọ ọdún mẹ́ta wọn ń pè é, kò sì fi ọjà pe ewì. Àwa mẹ́ta péré la ní, dò, re, mí, a wá ń ní ó pọ̀.

Mandarin tí wọ́n ń sọ ní Beijing ló ní èyí tí ọ̀pọ̀ yín ti lè gbọ́ rí. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní lẹ́tà Látìnì ni s àti i, àmọ́ fáwẹ́lì wọn ò jọ i wa, inú eyín ló ń há sí. Ohùn tó ń já bọ́ jẹ́ ẹẹ́rin. Ohùn tó rì tó tún fẹ́ dìde jẹ́ ikú. Torí pé méjèèjì sún mọ́ra, ọ̀pọ̀ wọn ń sá fún ẹẹ́rin, ilé gogoro wà tí ẹ̀rọ agbéniròkè ẹ̀ ò ní nọ́ńbà 4, láti 3 á bọ́ sí 5, wọn kì í fẹ́ ẹ nínú nọ́ńbà fóònù, wọn kì í fẹ́ ẹ lára mọ́tò. Àwọn ará Japan náà ní irú ẹ̀, "shi" ni ẹẹ́rin, "shi" ni ikú, wọ́n wá ń lo "yon" fún ẹẹ́rin níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ yẹra fún un. A ò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí a kì í sọ pé ọba kú, tá a máa ń ní ọba wàjà, a mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Vietnam, kíákíá: si jẹ́ igi ńlá kan tí gbòǹgbò ẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ láti orí ẹ̀ka, sỉ jẹ́ títà lọ́pọ̀, bíi tàwọn alágbàtà wa, sĩ jẹ́ ọ̀mọ̀wé, òun ló wà nínú orúkọ tí wọ́n ń pe dókítà àti olórin. Lẹ́tà Látìnì ni wọ́n ń lò bíi tiwa, àwọn ajíyìnrere ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn bíi tiwa, ohùn mẹ́fà ni wọ́n ní. Ìwé ìròyìn wọn, bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù wọn, ìwé àwọn ọmọ wọn, gbogbo ẹ̀ ló lámì. Gbogbo ẹ̀! Mo máa ń wò ó, ó máa ń dùn mí nítorí tiwa.

"Si" kan tún wà tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó sì ti jáde. Mọ́ǹkì ará Ítálì kan, Guido ti Arezzo, ní nǹkan bíi 1,000 ọdún sẹ́yìn, ló mú ìbẹ̀rẹ̀ ìlà orin Jòhánù Mímọ́ kan láti fi kọ́ àwọn akọrin ẹ̀, ut, re, mi, fa, sol, la. Mẹ́fà ni, "ut" yẹn ló wá di "do". Nígbà tí wọ́n fẹ́ ìkeje lẹ́yìn náà, wọ́n mú S àti I, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Jòhánù Mímọ́ ní Látìnì, Sancte Ioannes, ó di "si". Títí dòní, Faransé, Ítálì, Sípéènì, si ni wọ́n ń kọ. Ó wá ku obìnrin olùkọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, Sarah Glover, ìlú Norwich, ó rí i pé "so" àti "si" fi s bẹ̀rẹ̀, èèyàn ò lè fi lẹ́tà kan kan kọ orin sílẹ̀, ló bá sọ "si" di "ti". John Curwen gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ajíyìnrere sì gbé e wá sílẹ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn kúáyà Abẹ́òkúta fi ń kọ "la ti do" tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kútọnu ń kọ "la si do". Do, re, mi yẹn kan náà làwọn olùkọ́ wa fi ń kọ́ wa ní ohùn Yorùbá, nítorí náà orin Jòhánù Mímọ́ ló ń ràn wá lọ́wọ́ ká má pe sí ní sì.

Ibi tá a dé yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan nawọ́ sí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, tí Ṣáínà bá ń pe ikú ní si, tí àwa náà ń sọ pé ẹnìkan ò sí mọ́, ṣé kì í ṣe pé ibì kan náà la ti wá ni?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí ìbéèrè yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ fún wa. Rárá. "Sí" wa ò tiẹ̀ jẹ́ ikú, kéèyàn wà ló jẹ́, "kò" ló mú ẹni náà lọ. Ẹ sì jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì 18 la ní, fáwẹ́lì àìránmúpè 7, ohùn 3. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 378 ló máa já sí, ìyẹn gbogbo ọ̀rọ̀ kúkúrú oníkọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ́lì kan tí ẹnu wa lè pè láìsí ti àránmúpè. Èdè ayé ń lọ sí bíi 7,000, ọ̀pọ̀ wọn ló ní s, ọ̀pọ̀ wọn ló ní i. Báwo ni wọn ò ṣe ní pàdé? Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá kóra jọ, àwọn méjì á wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọmọ ìyá, kó wo ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó wo bí wọ́n ṣe ń yàtọ̀ léraléra lọ́nà kan náà. Àwa àti Ígálà, omi ni omi lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ni ọma, ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ara, ọ̀rọ̀ oko ló ń jọra lọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ẹbí. Àmọ́ kéèyàn mú sí kan pẹ̀lú si kan, kó wá fi kọ ìtàn pé ibi báyìí làwọn baba ńlá wa ti ṣí wá, ó ń ṣe wọ́n ní àìdáa, torí ìtàn wọn gan-an tóbi ju ìyẹn lọ.

Mo fẹ́ fi Kúbà kádìí ẹ̀. Ibẹ̀ ni sí méjèèjì ti pàdé ní tòótọ́, kì í ṣe lórí ìwé. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, nígbà ogun, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Havana àti Matanzas lọ́pọ̀ yanturu, 1886 ni oko ẹrú tó dópin níbẹ̀. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n bá ara wọn ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé tí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀, "sí" lo máa sọ, sí, sí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lábẹ́ oòrùn oko ìrèké. Àwọn ọmọ wọn gbọ́ Sípáníìṣì ju Yorùbá lọ, àwọn ọmọ ọmọ wọn ò fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Ohùn ò sí lórí ọ̀rọ̀ wọn mọ́, Ṣàngó di Changó, àṣẹ di aché. Àmọ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà lónìí, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun wọ́n á júbà, wọ́n á pe orúkọ àwọn tó ti lọ, wọ́n á wá ní:

Kosí ikú, kosí arun, kosí eyo, kosí ofo.

Kò sí ikú, kò sí àrùn, kò sí ẹjọ́, kò sí òfò. Ẹnu tó sọ "sí" fún aládùúgbò tó bi í bóyá kọfí ti hó, ẹnu kan náà ló ń yí padà tó ń sọ "kosí" fún ikú. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ kan ló di, bóyá èyí tó ń sọ ọ́ mọ̀ pé méjì ni tẹ́lẹ̀ tàbí kò mọ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lórí fóònù ni, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi n'Ìbàdàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbé e sétí Bàbá. Ó ní wọ́n ní kóun tún un gbé, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní "Àṣẹ." Tẹ́sítì tó fi sọ fún mi, ó fàmì sí gbogbo ẹ̀.